Dókítà Rò Pé Mo Ń Bẹ Òun

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Bàbá Bísí mi, ẹ̀gbọ́n yín, Àǹtí Sìkí, wá bá mi ní ọsibítù lónìí nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Mo kúnlẹ̀ kí Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, n kò sì lè dìde mọ́. Ibẹ̀ ni dókítà bá mi.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ má bẹ̀ mí."

"Mi ò bẹ̀ yín. Ẹ gbé mi dìde ni."

Nígbà tó wo fọ́tò ẹ̀yìn mi tán, ó ní tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn mi ló yọ síta, tó ń tẹ iṣan ẹsẹ̀. Wọ́n lè ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n fà á, tàbí kí wọ́n la ibi kékeré, kí wọ́n ti awò tín-ín-rín bọ ibẹ̀ wò ó, kí wọ́n sì yọ ọ́.

"Abẹ́rẹ́!" Àǹtí Sìkí ti bá mi dáhùn.

Dókítà ní èyí tó kàn wú ni abẹ́rẹ́ ń fà. Tèmi ti já. Mo ní kí wọ́n là á. Ọmọ Bísí ń bọ̀, ẹ̀yìn wo ni n ó fi pọ̀n ọ́n?

Ẹ̀rù ń bà mí ṣá. Bí ẹ bá wà níbí ni...

Àǹtí Sìkí dì mí lápá délé. "Ìyàwó, orí ìdúró ni kó o ti máa kí mi o. Mi ò lágbára àtigbé ẹ dìde."

Ẹ bẹ̀ wọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé bá yín pé kí n má kúnlẹ̀ kí wọn mọ́, wọn ò gbà; eegun ẹ̀yìn ló gbà á fún mi.