Nígbà Tí Ìwọ̀n Muqtadir Lọ Sílẹ̀

                                        Ojúlé 14, Òpópónà Láwàl,
                                        Mowe, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        9 Oṣù Kẹfà, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? ₦10,000 tí ẹ fi ránṣẹ́ fún ìtọ́jú Muqtadir tẹ̀ mí lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹrin, ₦3,200. Ẹyin méjìlá, ₦3,000. Ẹ̀wà àti edé, ₦2,600. Ó ku ₦1,200.

N kò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín lórí fóònù. Ẹ rántí bí mo ṣe ń fọ́nnu pé ọmọ-ọmọ mi ń sanra, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ mímu lásán ni mo ń fún un, kóńgò àgbàdo kan lọ́sẹ̀ kan. Mo rò pé mo mọ ìṣirò. Morádéyọ̀ aládùúgbò mi ló wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó ní, "Ìyá Toyyibah, èyí kì í ṣe sísanra o. Ó wú ni." Mo ní ìlara ló ń ṣe é. Ó pọn ọmọ, ó pe ọ̀kadà tó gbé wa lọ sílé ìwòsàn, ó san ₦1,200.

Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ Muqtadir. Ojú ibẹ̀ jìn, kò kún padà. Ó ní omi ló kún ara ọmọ, pé ẹ̀kọ nìkan kò lè gbé e ró, ó sì lè pa á. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 8.4. Wọ́n fún wa ní oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n fi ẹ̀pà àti mílíìkì ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí a padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, 7.6! Mo figbe ta: "Ẹ gbà mí! Mo gbé ọmọ wá kó lè pọ̀ sí i, ẹ tún dín in kù!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Màmá, omi ló jáde. Ọmọ yín gan-an lẹ ń wò yìí."

Mo wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti ń ṣòwò, n kò rí i rí kí nǹkan dín kù kó sì jẹ́ èrè. Lẹ́yìn náà, 7.9, 8.3, 8.7. Ó ti ń já ṣíbí gbà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run tóbi! Lánàá, ó dìde, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó jókòó.

Mo ti bẹ Morádéyọ̀, mo sì na owó ọ̀kadà rẹ̀ sí i. Ó kọ̀. Ó ní Muqtadir ni kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e wá. Mo ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi dé tirẹ̀: méjìdínlógún.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ má gbàgbé láti máa tẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wò. ₦1,200 náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. N kò tíì san án.

                                        Èmi àbúrò yín ní Mowe,
                                        Sọ̀fíyátù.