Fà Á Kó O Tó Pariwo

Dúrótìmí ọkọ mi,

Ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Gbé e kaná, má jẹ ẹ́ ní tútù.

Mo gbé ọ̀pá ìpẹja ẹ lọ sí adágún Southmere láàárọ̀ yìí. Mo ti rí ìdí tí ẹja páìkì fi ń bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹja rọ́bà tó o fi ń tàn án bá ń rì lọ sísàlẹ̀ ló máa ń bù ú jẹ, ìgbà yẹn gan-an lo sì máa ń dẹ okùn. Má dẹ ẹ́ mọ́. Jẹ́ kí ṣóńṣó ọ̀pá máa tẹ̀ lé e lọ. Tó bá ti gbé e, fà á sókè kíá! O máa ń kọ́kọ́ pariwo "Jésù!" ni, kó o tó pè é tán, ó ti tu ìwọ̀ dànù.

Mo mú ọ̀kan, ó gùn tó apá mi. Mo yíjú kí n pè ẹ́ wá wò ó, pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló ń wò mí. Mo dá ẹja náà padà sómi.

Tó o bá fi máa wa takisí dé, màá ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìrọ̀rí ẹ nìkan ni mò ń rí. Má wakọ̀ ní Sátidé, jẹ́ ká jọ lọ. Pariwo bó ṣe wù ẹ́, kí ẹja sá lọ tó bá fẹ́. Ilé yìí ti dákẹ́ jù.

Ọlábímpé