Lọ́fínńdà Méjì, Ewúrẹ́ Méjì

Ìlú Ẹdẹ

Àkànjí, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Èkó gbè ọ́? Ọ̀ṣun á máa tù ọ́ lára. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi bàbá rẹ tó ń sín láti àná, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù, tíṣà ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má fo ọ̀rọ̀ mi kankan.

Ìgò lọ́fínńdà kékeré méjèèjì, pupa àti funfun, tó o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Háà, Àkànjí, n ò ní í ṣòfò rẹ! O ní kí n mú èyí tó dáa jù, kó o lè ra ńlá rẹ̀ tí n ó fi para wá sí Èkó, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ má baà sọ pé ará oko nìyá rẹ. Obìnrin òyìnbó tí wọ́n yà sára ìgò pupa, mo kí i títí, kò dáhùn, bóyá ojú ló ń tì í.

O ní kí n fi sí ọrùn ọwọ́. Ṣé ọwọ́ ló ń gbóòórùn ni? Bàbá rẹ fi imú fa ti pupa báyìí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ni mo bá ní, ta ló mọ òórùn tó ẹran ọ̀sìn? Mo ní ewúrẹ́ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo fi ti pupa kun ọ̀kan, mo fi ti funfun kun èkejì. Gbogbo agbo ilé ń ta sánsán! Mo jó, mo yí!

Àfi bí ọmọ ewúrẹ́ oní-pupa ṣe rí ìyá rẹ̀ tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá ń pè é, ó ń sá. Ìgbà tí mo fọṣẹ wẹ ìyá ló tó gbà á. Ọmọ kejì yí ìyá tiẹ̀ po, ó ń gbóòórùn rẹ̀ níwá lẹ́yìn, ó ké, kó tó mu ọmú. Ọ̀rọ̀ tiwa ni mo wá rò. Ìwọ tó o kúrò nílé kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ, tó o bá rí arúgbó kan tó ń ta sánsán ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin l'Ídó, ṣé wàá mọ̀ pé èmi ni?

Àmọ́ mo ti rí ọgbọ́n dá sí i! Ti funfun la mú, ra ńlá rẹ̀. Fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́, kó o fi ti iṣu tí mò ń gbé bọ̀ kún un, wọ́n ní iṣu náà ń sanwó bí èèyàn. Ṣùgbọ́n má fi lọ́fínńdà náà ránṣẹ́ o, mú un dání wá pàdé mi. Àdín tí mo fi ń pa ọ́ lára nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́ ni n ó fi para bọ̀. Kọ́kọ́ dì mọ́ mi ná. Tó o bá ti mọ̀ mí tán, kó o wá da ti Èkó lé mi lórí.

Wàá dàgbà, wàá dògbó, orí mi á máa ṣọ́ ọ. Kí Ọ̀ṣun má jẹ̀ẹ́ kí imú rẹ gbàgbé mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọ̀ṣúnwùmí