Ìdúpẹ́ Ẹni tí Ara Rẹ̀ Kò Tíì Yá

Odìgbó. Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹsàn-án, 1960

A ti Oǹdó dé. Dókítà ní ọkàn mi ti ń ṣàárẹ̀, kò sí oògùn tó lè wò ó sàn tán. Ó lè dúró lọ́la, ó lè dúró lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Kí n má gbé ẹrù, kí n má rìn jìnnà, kí n má jó. Mo ti sọ ọkàn náà ní Oníjàngbọ̀n. Zachariah ọkọ mi di ọwọ́ mi mú nínú lọ́rì títí a fi délé.

Ọjọ́rú, 21

Wọn ò jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan. Ìyá Elizabeth, olórí obìnrin ìjọ Aládùúrà wa, pọnmi kún ìkòkò mi. Aya Ògúndípẹ̀, aládùúgbò wa, já ìgbálẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Àsìkò fífọ́ kòkó rèé, gbogbo ayé wà lóko, èmi jókòó sílé bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Inú ń bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 23

Alágídí — ọkọ mi nìyẹn — kò jẹun lálẹ́. Ó ní òun ti jẹ iṣu sísun lóko.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Iṣu sísun náà tún ni.

Ọjọ́ Ajé, 26

Ọ̀sán pọ́n, kò wálé. Mo bá rìn lọ sóko. Mo sinmi, mo dìde, mo tún sinmi. Mo bá a tó nà gbalaja lórí èèpo kòkó, ètè rẹ̀ gbẹ. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni! Láti ọjọ́ Ẹtì! Nítorí tèmi!

Mo fọ́ kòkó kan, mo fi hóró tútù sí i lẹ́nu kó máa fa omi dídùn rẹ̀ mu. Nígbà tó lajú, ó ní òun ń bẹ Ọlọ́run kó gba ẹ̀mí òun dípò tèmi. Mo sunkún, mo bú u. Ta ló rán yín níṣẹ́? Ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún mi, kí ni kí n fi ṣe láìsí yín? Ó béèrè bí Oníjàngbọ̀n, ọkàn mi, ṣe wà. Mo ní òun ló gbé mi dé ibí.

Ọjọ́bọ̀, 29

Mo jókòó fọ́ kòkó láàárọ̀. Ó rẹ̀ mí. Ó dùn mọ́ mi. Alágídí ń jẹun — mò ń ṣọ́ ọ lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹwàá

Òmìnira dé! Wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sí Ọ̀rẹ̀ lọ fi àsíá kékeré yan. Mo sọ fún Ìyá Elizabeth pé mo fẹ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Ó pariwo pé Olúwa ti wò mí sàn! Mo ní rárá, Mà. Ó kàn ń wò mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ bá yá là ń bá jó lọ síwájú pẹpẹ. Ẹni tó ṣì ń ṣàìsàn, ààwẹ̀ là ń gbà fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 2

Mo dìde láàárín ìjọ. Mo ní ara mi kò yá, bóyá kò sì ní í yá. Mo ní mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè lónìí, mo sì dúpẹ́ pé ọkọ mi ń jẹun. Wọ́n ń wojú ara wọn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Zachariah ló dá orin. Ohùn rẹ̀ kò dùn rárá. Ìyá Elizabeth gbè é, ni gbogbo ìjọ bá gbà á. Ọkọ mi wá dúró tì mí, kò ní kí n jókòó.

Mo jó dé iwájú pẹpẹ. Mo jó padà.