Òpó Tó Bọ́ Sórí Sàréè Bàámi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mushin

Ẹnjiníà wá wò ó lónìí bóyá ilé wa lè gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí èmi àti àwọn àbúrò mi lè ríbi gbé. Ó ní ó ṣeé ṣe, tí òpó kan bá wọlẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Orí sàréè Bàámi ló ń nàka sí.

Mo ní ká tètè gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú kí òjò tó dé.

Màámi wò mí. "Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ níléèwé bísínẹ́ẹ̀sì nìyẹn? Bàbá ẹ ò sún fún ẹnikẹ́ni rí. Òpó yín ni kó sún."

Ẹnjiníà ní òpó lè sún, àmọ́ àárín yàrá Màámi ló máa bọ́ sí.

"Kò burú. Ẹ bá mi kó ẹrù mi jáde."

Ìjà Bàámi àti Màámi ni mo gbọ́njú bá o. Kí ló wà láàárín wọn tí mi ò rí?