Tíkẹ́ẹ̀tì Kejì láti Guangzhou

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ gígùn apá mi ju bí èmi fúnra mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ,

Mo ti dé láti Ṣáínà. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí mo ti padà sí Hillcrest Heights ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi kò tíì gbà pé a ti dé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni oorun máa ń gbé mi, láàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mò ń ká ní yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ní National Harbor. Òní ni ọjọ́ ìsinmi mi. Mo bu omi gbígbóná sínú ife, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń mu ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì jókòó láti ròyìn fún yín kí n tó gbàgbé iye tí nǹkan jẹ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣáínà gan-an ni mo wí, ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ yín ti wá. Àti èkejì rẹ̀, èyí tí ẹ kò lò rí.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìyẹn bẹ̀rẹ̀, torí ó ti wà lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́rin, láti ìgbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn fún àdúrà náà, mo wọ ṣọ́ọ̀bù yín láti palẹ̀ ẹrù mọ́. Lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù, mo ká ọ̀rá ńlá kan kúrò lórí nǹkan. Ẹ̀rọ dúdú tó ní òdòdó wúrà lára ló wà lábẹ́ rẹ̀, tuntun, òróró kò kàn án rí. Àga kékeré kan wà nídìí rẹ̀. Ó kéré fún yín. Mo jókòó lé e, ẹsẹ̀ mi sì bá pátákó ìtẹ̀ rẹ̀ mu rẹ́gí. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo ka iye tó wà lórí rẹ̀, mo sì pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń na ìṣó tó ti wọ́ kí ẹ lè tún un kàn! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ títí yóò fi kéré ju èékánná lọ! Kí ló dé tí ẹ ra odidi ẹ̀rọ, tí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀ láìlò ó? Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi ní àdúgbò. Mo mú rìsíìtì náà bọ̀ wá sí Amẹ́ríkà, mo fi í sáàárín àwọn ìwé owó iná mi.

Kì í ṣe fàájì ni mo bá lọ sí Ṣáínà. Àbẹ̀kẹ́ ni mo lọ mú wálé, ọmọ mi kan ṣoṣo, tí ẹ sọ lórúkọ lórí tẹlifóònù, tí owó inú káàdì tí mo fi pè yín tán kí ẹ tó parí àdúrà. Yunifásítì ló ti kọ́ èdè Ṣáínà. Nígbà tó jáde, ó ní òun ń lọ sí Guangzhou láti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún kan. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Ní gbogbo ìgbà òtútù, mo ń mú kí yàrá rẹ̀ gbóná láìsí ẹnìkan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìwà mi.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ fún ara mi. Mo sì ra àbọ̀ nìkan fún òun, ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. N kò sọ fún un. Ẹgbẹ̀rin dọ́là ni tirẹ̀ nìkan, wákàtí méjìlélógójì nídìí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọn kì í sì í dá owó irú rẹ̀ padà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó rà á. Mo ní ọmọ mi ni, ọmọ-ọmọ yín ni. Tó bá ti rí i pé a ti sanwó, kò ní lè jẹ́ kó ṣòfò. Okùn ni mo fi owó náà ṣe, Bàbá. Mo wé ìwé tíkẹ́ẹ̀tì náà mọ́ inú ìborùn tí mo fi ń kírun, mo sì wọ bàálù.

Ẹ ò bá rí ìlú! Àjà kẹtàdínlógún ni Àbẹ̀kẹ́ ń gbé. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ní kí n ka àwọn ilé tó ga ju tiwa lọ. Mo ka mọ́kànlélọ́gọ́ta, omi tí mo gbé kaná sì hó, mo fi kíkà sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹni tí kò bá ní mọ́tò kò lè ra iyọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Accokeek máa ń wa mọ́tò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó rí búrẹ́dì. Ní Guangzhou, a sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì dé kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀. Mo wo aago: ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀, òmíràn tún dé. Yúàn mẹ́ta ni owó ọkọ̀ náà, kò tó ààbọ̀ dọ́là. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbé ẹsẹ̀, mo wo abẹ́ bàtà mi kí n tó wọlé.

Ilé ìṣọ́ gíga kan wà létí odò wọn, tí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ẹni tó fún bẹ́líìtì jù. Àádọ́jọ yúàn ni wọ́n fẹ́ gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kí a tó gòkè. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ dá fóònù rẹ̀ padà sápò, torí fóònù ni gbogbo wọn fi ń sanwó níbẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń rí ilé ìṣọ́. Ẹni tó bá ti gorí rẹ̀ kò rí i mọ́. Ọkọ̀ ojú omi yúàn méjì ni a wọ̀. A sọdá, a sọdá padà, a tún sọdá. Atẹ́gùn odò náà dára.

Níbi gbogbo tí a bá jókòó láti jẹun, omi gbígbóná ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé wá. Ẹ̀yin tí gbogbo àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ń mu omi gbígbóná nínú ooru! Odidi ìlú wà lẹ́yìn yín, ẹ kò kàn mọ̀ ni. Lọ́jọ́ Jimọ́, a lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí kan. Obìnrin kan lẹ́yìn mi sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé kó sún díẹ̀, ní Yorùbá Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé. Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín lórí ìrun.

Ṣùgbọ́n ọjà aṣọ ni ì bá wù mí kí ẹ bá mi dé. Láti àárọ̀ tí a ti ń rìn, títí oòrùn fi mú, a kò tíì kúrò níbi léèsì. Obìnrin tó ń tà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ó tẹ iye owó sórí ẹ̀rọ ìṣirò, ó nà án sí mi. Bàbá, inú mi dùn! Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ ta ló lè fi nọ́ńbà yàn mí jẹ? Mo pín in sọ́nà mẹ́ta bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo tẹ ìdá kan, mo nà án padà sí i. Ó di àyà mú, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ dá kú.

“Mọ́mì, ó ní ẹ fẹ́ pa òun,” ni Àbẹ̀kẹ́ wí, ẹ̀rín ń pa òun náà.

“Sọ fún un pé màá sin ín dáadáa. Kó dín in kù.”

Ogójì yúàn lórí yáàdì kan ni a ti bẹ̀rẹ̀, méjìdínlógún ni a parí sí, ó sì gé díẹ̀ lé e bí èènì láìjẹ́ pé mo béèrè. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká nígbà tí à ń lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni Àbẹ̀kẹ́ ti jókòó tì mí.

“Mọ́mì, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí àwọn tíṣà kíláàsì kékeré. Ọdún méjì ni. Mo ní màá kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu yín.”

“Jẹ́ kí n rò ó,” ni mo sọ. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Kò tún bi mí mọ́, àmọ́ ní àràárọ̀, tó bá ń da omi sínú ife mi, ó máa ń wo ojú mi.

Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà, ó mú gáùn kan jáde láti inú àpótí. Ẹ rántí áńkárá aláwọ̀ ewé tí ẹ rán fún un nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rówó mú un wá kí yín? Mo rò pé ó ti sọnù. Ó ti gbé e dé Ṣáínà! Ilé-ìwé wọn ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ilé bàbá rẹ̀ wá síbi ayẹyẹ kan, gáùn náà sì há mọ́ ọn láyà. Ó ní télọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ilé.

Bàbá arúgbó ni, ó gbé tépù kọ́ ọrùn, ó fi ètè mú abẹ́rẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lójú fèrèsé. Dúdú, olódòdó wúrà, bíi tiyín. Òun wà nídìí ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó tó ọjọ́ orí mi, wà nídìí èkejì. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàbá náà á kàn na ọwọ́, ọmọ á sì fi sísọ́ọ̀sì síbẹ̀.

Nígbà tó gba gáùn náà, mo lọ dúró sẹ́yìn èjìká rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ayé ń sọ nípa télọ̀ àti aṣọ oníbàárà.

“Mọ́mì, ẹ jókòó. Kì í ṣe télọ̀ Ìbàdàn, kò ní jí aṣọ.”

“Télọ̀ Ìbàdàn ló bí mi,” ni mo dá a lóhùn, “kò sì jí ti ẹnikẹ́ni rí.” Síbẹ̀, n kò jókòó.

Bàbá náà yí inú gáùn síta. Ó dúró. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. Ó fi tépù wọn ibi tí ẹ ṣẹ́ aṣọ sí nínú: íǹṣì mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́fà nísàlẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá wò ó.

“Ó ń béèrè ẹni tó rán an,” ni Àbẹ̀kẹ́ sọ. “Ó ní ẹni náà mọ̀ pé màá dàgbà.”

Àbẹ̀kẹ́ wá yíjú sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa yín. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ mo rí i tó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn èjìká ara rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo rí i tó di ojú kan bí ẹ̀yin nígbà tí ẹ bá ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò lọ́dọ̀ yín láyé rẹ̀! Ìgbà wo ló rí gbogbo ìyẹn? Arúgbó náà ń mi orí, ó ń mi orí. Bàbá, wọ́n ti mọ̀ yín ní Guangzhou.

Bàbá náà tú ojú ìránṣọ náà, ó tún un rán, ó sì bá ara ọmọ mi mu bí ẹni pé àná ni ẹ wọ̀n ọ́n. Yúàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló gbà. N kò sọ pé kó dín in kù.

Kí a tó jáde, mo tún wo ẹ̀rọ méjèèjì. Àga ọmọ kéré ju àga bàbá lọ. Mo rántí àga kékeré tí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù yín.

Inú ẹ̀rọ agbénigòkè ni mo ti sọ̀rọ̀.

“Sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni kí ni?”

“Iṣẹ́ olórí tíṣà. Àbí iṣẹ́ wo ló tún kù?”

Ó dì mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí ní àjà kẹtàdínlógún, tó tún pa dé, tó sì gbé wa padà sísàlẹ̀.

N kò sọ ti tíkẹ́ẹ̀tì fún un. N kò ní sọ. Nínú bàálù, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Kí owó mi má baà ṣòfò tán, mo gbé aṣọ tí mo rà lé e, mo sì fi bẹ́líìtì dè é. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń wò ó, Bàbá, inú mi sì ń dùn. Ẹgbẹ̀rin dọ́là, inú mi ń dùn!

Nígbà tí mo délé, mo wá rìsíìtì yín jáde láàárín àwọn ìwé owó iná. Iye owó nìkan ni mo ti ń kà láti ọdún mẹ́rin. N kò wo ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí físà Amẹ́ríkà mi jáde ni ẹ rà á. Mo rántí ọjọ́ físà náà. Mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo bi yín kí ló wà lábẹ́ ọ̀rá lójú fèrèsé, ẹ ní ẹrù oníbàárà ni. Ẹ ní kí n na apá mi wá, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n mí fún kóòtù òtútù.

N kò ní bi yín mọ́.

Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì Àbẹ̀kẹ́ sẹ́yìn rìsíìtì yín, nínú àpò ìwé kan náà. Tó bá rí wọn lọ́jọ́ kan, mo mọ̀ ọ́n, iye owó ni yóò kọ́kọ́ kà.

Kí Alùjánnà tù yín lára, kí omi ibẹ̀ sì gbóná bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí kóòtù náà ṣì bá lára mu.