Ìrókò Tí Bàbá Àgbà Kò Gé

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Àsàlámù àléékúmù. Inú ìwé ni mo ti dọ̀bálẹ̀ o, torí bí mo bá sùn gbalaja sílẹ̀ níbí, wọ́n á ránṣẹ́ pe dókítà. Mo kí Ìyá Kékeré, mo sì kí àwọn ọmọ kéwú yín. Ara mi le, àdúrà yín ń gbà. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fẹ́ sọ mí di ẹja inú fíríìjì.

Ẹ̀gbọ́n mi Ṣẹrifá pè mí. Ó ní ẹ ti bá àwọn agégi Ilé-Ogbó sọ̀rọ̀, pé lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n máa wá gé ìrókò iwájú ilé. Ó ní ẹ̀ka kan já nínú òjò, díẹ̀ ló kù kó ba àwọn ọmọ tó jókòó ti wàláà wọn. Mi ò bá yín jà, Bàbá. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, ọrùn yín sì ni ọ̀rọ̀ wọn wà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Ọgbà ìgbafẹ́ kan ni mo ń gbá níbí, igi arúgbó kan sì wà láàárín rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé wọ́n ti so aṣọ funfun mọ́ ọn nídìí. Inú mi dùn! Mo ní, háà, àwọn òyìnbó náà mọ igi í bọ̀wọ̀ fún. Mi ò gbá ìdí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni mo rọra gbà kọjá. Ọ̀gá mi béèrè ohun tó dé, mo sì ṣàlàyé pé nílùú wa, igi tí a bá ró láṣọ, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àmì èyí tí wọ́n máa gé ni. Lọ́jọ́ kejì, igi ti lọ. Èmi àgbàlagbà yìí sunkún.

Mo wá rántí ìtàn Bàbá Àgbà tí ẹ máa ń sọ fún wa. Ẹ ní nígbà tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, aṣọ funfun wà lára ìrókò yẹn, ẹ̀rù olúwéré, iwin inú ìrókò, kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé gbabẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan. Àwọn èèyàn ní kí Bàbá Àgbà, tí í ṣe Ààfáà, gé e, kí ìbọ̀rìṣà lè tán. Bàbá Àgbà tú aṣọ, wọn ò gé igi. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kéwú. Láti ìgbà náà la ò ti bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ní báyìí, pákó lèèyàn ń rí tó bá wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ná. Kí àwọn agégi rẹ́ ẹ̀ka tó ti gbẹ, kí wọ́n sì yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bó bá ti jẹrà, ẹ gé e, mi ò ní ráhùn. Àmọ́ ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀ nínú oṣù Ààwẹ̀ tó máa tẹ̀lé Iléyá yìí. Orí fóònù ni mo wà nígbà tí ẹ ń sin ìyá mi. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé orí fóònù náà ni n ó ti gbọ́ ìró ìrókò tó ń wó.

Ọlọ́hun á fi ẹ̀mí yín gùn, á fi àlùbáríkà sí kéwú yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Ọmọ yín,
Mùfútáù